Kí ló ń jẹ́ kontaminéṣọ̀n nínú bíìnì aláwọ̀ mẹ́ta yẹn?

Ẹ ti rí wọn rí o, bíìnì mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ́pọ́ọ̀tù kí wọ́n lè rí èyí tó ṣeé tún lò ṣà lọ́tọ̀, ọ̀kan fún pépà, ọ̀kan fún ike àti agolo, ọ̀kan fún pàǹtí yòókù. Èèyàn á dúró síwájú ẹ̀ tòun ti páálí oúnjẹ lọ́wọ́, á wọ̀tún á wòsì, á wá jù ú sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Kontaminéṣọ̀n nìyẹn. Ohun tí ò yẹ kó wọbẹ̀ ti wọbẹ̀, ó sì ti kó bá àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú pépà. Wọ́n máa ń rẹ pépà àlòkù sínú omi ni, wọ́n á pò ó títí á fi rí bí ògì, kí wọ́n tó tún tẹ́ ẹ di pépà tuntun, òróró ò sì bá omi ṣe rárá, torí náà páálí píísà tí òróró ti mu dénú, wàhálà ni. Tí ọbẹ̀ bá tún ro sórí ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ ẹ̀, òun náà ti lọ nìyẹn, torí ọkọ̀ tó ń kó o ṣì máa tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn.

Ọ̀rá ló burú jù lójú tèmi. Ẹlòmíì á fọ ike ẹ̀ dáadáa, á wá dì í sínú náílọ̀n, á so ó pa, á jù ú síbẹ̀. Tó bá dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, náílọ̀n yẹn á wé mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á pa ẹ̀rọ náà, èèyàn á wọlé lọ fọ̀bẹ gé e kúrò. Ẹ da ike yẹn síbẹ̀ lásán jàre, kẹ́ ẹ mú ọ̀rá yín lọ.

Nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tó wà nídìí ike náà ń tan èèyàn jẹ. Láti 1988 ló ti wà, irú ike tó jẹ́ ló ń sọ, 1 ni ike omi àti mínírà, 6 ni abọ́ tékèawéè funfun fúyẹ́ yẹn, kò sọ pé àdúgbò yín máa gbà á o.

Torí kontaminéṣọ̀n yìí làwọn bíìnì kan ṣe ní ẹnu róbótó fún ìgò àti ike, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ fún pépà, kọ́wọ́ yín lè ṣiyèméjì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jù ú. Ní fúláàtì tá à ń gbé ní London ńkọ́, bíìnì gbogbo wa ni, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ju pámpáàsì síbẹ̀, àwọn tó ń kó o kàn lẹ pépà mọ́ ọn, wọ́n bá tiwọn lọ, a wá ń wojú ara wa.

Ṣáínà tó máa ń gba ìdọ̀tí àwọn òyìnbó tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kọ́rọ̀ yìí le. Ní 2018 wọ́n ní tí ohun tí ò yẹ bá ti ju 0.5% lọ nínú ẹrù, àwọn ò gbà á mọ́.

L'Ékòó, ọwọ́ àwọn tó ń ṣa ike ló ń ṣe iṣẹ́ bíìnì yẹn. Kílò ni wọ́n fi ń tà á, èyí tó bá mọ́ ló ń mówó wá, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe ní bẹ̀rẹ̀ mú èyí tí epo ti yí lára.