Ọgbà ewéko tó ń jẹ́ orúkọ rẹ́kítọ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu ló ti kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ọgbà ewéko kan ti ń jẹ́ Édouard Adjanohoun. Ọkùnrin yìí ni rẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn olórí yunifásítì náà, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1970 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Dahomey. Onímọ̀ ewéko ni. Ó wà lára àwọn tó kó egbòogi ilẹ̀ Benin jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1989, tòun ti orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè wọ́n.

Irú ọgbà báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọgbà ewéko Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní JPN, igbó ọba ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ibi ìdánwò ohun ọ̀gbìn.

Ìdí àkọlé tí wọ́n ń fi sídìí igi ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo igi kan: Yorùbá ń pè é ní ìrókò, Ègùn ń pè é ní lókò, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Milicia excelsa. Chlorophora excelsa ló wà nínú ìwé àtijọ́, nítorí náà ẹni tó bá kàn dà á kọ yóò fi orúkọ tí wọ́n ti pa tì sídìí igi.

Ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àkọlé, ìyẹn ẹ̀ka gbígbẹ igi náà tí wọ́n tọ́jú. Wọ́n á gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, torí ewé nìkan kì í sábà tó. Wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pákó méjì fún un pọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ ìwé náà títí ẹ̀ka á fi gbẹ. Lásìkò òjò, ẹni tó bá fo ọjọ́ méjì yóò bá a tó ti bu, tó ti dúdú. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ibi tí wọ́n ti já a àti ọjọ́ rẹ̀, torí omi a máa fọ yíǹkì.

Ẹ má kan àkọlé mọ́ igi: bí igi bá ń sanra, á gbé e mì. Wáyà tí wọ́n so yí i ká burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fún èèpo rẹ̀ pa. Pákó, ikán ló ni ín. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ló ń pẹ́, bí wọ́n bá kùn ún kó má dípẹtà.

Akòko, ewé oyè wa, rọrùn láti gbìn: ẹ gún ẹ̀ka rẹ̀ mọ́lẹ̀, á hù. Ìrókò ló ń dani láàmú. Kòkòrò Phytolyma a máa bá ọmọ igi rẹ̀ jà, ewé á wú kókó-kókó, ọ̀mùnú á sì kú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́ kì í tò ó sójú oòrùn ní òun nìkan, àárín igi mìíràn ni wọ́n ń gbìn ín sí, níbi tí ìbòòji díẹ̀ wà.