Ọ̀pá Tí Ń Tàn Kò Nílò Oòrùn

Bí àríyá alẹ́ bá wà ní Bódìjà tàbí Ring Road n'Ìbàdàn, a máa ń rí àwọn ọmọdé tó mú ọ̀pá oníke tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á dún pà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ, àgbàlagbà kan kò ní ṣàì sọ pé kí wọ́n gbé e sóòrùn kó lè gba ṣáàjì. Oòrùn kò lè fún un ní nǹkan kan. Ńṣe ni ooru rẹ̀ máa jẹ́ kí èyí tó kù tètè tán.

Tẹ̀sùbáà tó ń tàn lókùnkùn, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ló ṣì wọ́n lọ́nà. Òun ń gba ìmọ́lẹ̀ sára lóòótọ́. Ọ̀pá kì í gbà.

Nínú ọ̀pá náà, ìgò tín-ín-rín kan wà tó kún fún hydrogen peroxide, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ ojú egbò. Ohun tó yí ìgò náà ká ni kẹ́míkà kan láti ìdílé oxalate, pẹ̀lú aró. Ìgò yẹn ló ń fọ́ tó ń dún pà. Bí kẹ́míkà méjèèjì bá pàdé, mólékù kan á jáde tí kò lè dá dúró pẹ́; kíá ló máa ń fọ́ sí carbon dioxide, á sì gbé agbára ara rẹ̀ lé aró lọ́wọ́. Aró yìí gan-an ló ń tàn. Ẹni tó ro èyí gbọ́n o: tó bá fẹ́ kó tàn pupa tàbí àwọ̀ ewé, aró nìkan ló máa pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Ilé Ìṣọ́ Bower, tó wà ní Òkè-Àárẹ̀ láti 1936, ṣe àpèjúwe. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tín-ín-rín tó wà nínú aró, ni àlejò tí agbára gbé dé orí ilé náà. Kò lè pẹ́ níbẹ̀. Tó bá ń fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tú ooru kékeré sílẹ̀, ojú ò sì ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni irin tó ń dípẹtà ṣe ń ná agbára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fò látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ ni agbára náà máa bá jáde. (Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú rẹ̀ ní Òkè-Àárẹ̀ o.) Ilé gíga ń mú búlúù wá, ilé kúkúrú ń mú pupa. Ní ti tẹ̀sùbáà, ìmọ́lẹ̀ ló gbé àwọn àlejò gòkè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tán, ìmọ́lẹ̀ tún lè kó wọn padà lọ́la. Nínú ọ̀pá, kẹ́míkà ló ń gbé wọn gòkè, kẹ́míkà náà sì ti lò tán. Ta ló kù tí yóò gbé wọn?

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọ̀pá, inú fírísà ni kó gbé e sí. Òtútù ń fa ọwọ́ kẹ́míkà sẹ́yìn: ìmọ́lẹ̀ á rẹlẹ̀, àmọ́ á pẹ́. Omi gbígbóná á mú un tàn yòò, kò sì ní pẹ́ kú. Àléébù rẹ̀ kò ju pé, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á pátápátá.

Tanátaná ló mọ èyí ṣe. Nínú ikùn rẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní luciferin àti ọ́síjìn ń pàdé, enzyme tí wọ́n ń pè ní luciferase ló ń mú kí wọ́n ṣiṣẹ́, kòkòrò náà sì ń fi ọ́síjìn tó ń dé ibẹ̀ darí ìmọ́lẹ̀. Nínú 100 mólékù luciferin tó bá lò, nǹkan bí 41 ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ní Japan ṣe wọ̀n ọ́n ní 2008. Ní 1947, William McElroy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kò lè tàn láìsí ATP, kẹ́míkà tó ń gbé agbára tí gbogbo ohun alààyè ń ná nínú ara wọn. Àwọn ọmọdé ni McElroy ń sanwó fún kí wọ́n lè bá a mú kòkòrò náà wá. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ń fi ìmọ̀ yìí yẹ ìmọ́tótó wò: wọ́n á nu orí tábìlì, wọ́n á da luciferin àti luciferase sí ohun tí wọ́n fi nù ún. Bó bá tàn, tábìlì náà kò tíì mọ́.