Kò Ṣàdédé Bẹ́: Ohun Tí Àwọn Tó Hùwà Ipá Fẹnu Ara Wọn Sọ

Bí ẹnì kan bá lu ẹlòmíràn dé bèbè ikú, tàbí tó gbẹ̀mí ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará àdúgbò: "Inú ló bí i, kò mọ ìgbà tó ṣe é." Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ èṣù ni. Àwọn tó sún mọ́ ọn á fi kún un pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ forí lé: pé ìwà ipá dà bí omi tó hó bo ìkòkò, pé ẹni tó hù ú kò mọ nǹkan kan nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lonnie Athens, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, lọ bi àwọn tó ṣe é gan-an. Inú ilé tí bàbá ti ń fi ipá darí wọn ni òun alára ti dàgbà, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé ló ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ ń to ònkà jọ nípa ọjọ́ orí àwọn ọ̀daràn àti irú ilé tí wọ́n ti wá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni òun gbà lọ. Ó jókòó ti àwọn tó ti pànìyàn, àwọn tó ti fipá báni lò pọ̀ àti àwọn tó ti ṣe èèyàn léṣe burúkú. Wọ́n lé ní 50, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó ní kí wọ́n rò ó fún òun lẹ́sẹẹsẹ. Kí lo rí? Kí lo rò pé onítọ̀hún fẹ́ ṣe? Kí lo ń bá ara rẹ sọ kó o tó nawọ́?

Orí wọn ò ṣófo rárá. Àwọn kan ní àwọn rò pé onítọ̀hún fẹ́ kọ lu àwọn ni. Àwọn kan ní ńṣe ló dínà ohun tí àwọn ń fẹ́, tàbí tó fẹ́ fipá mú àwọn ṣe ohun tí àwọn kò fẹ́. Àwọn mìíràn sì ti pinnu lọ́kàn pé èèyànkéèyàn ni ẹni yẹn, pé ó ń fi àwọn ṣẹ̀sín, pé ìyà ló tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kálukú wá sọ fún ara rẹ̀ pé ipá ló yẹ kí òun lò. Gbogbo èyí lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n kíá kò túmọ̀ sí àìmọ̀. Awakọ̀ tó rí ọmọdé lójú títì kì í pe ìpàdé kó tó tẹ bíréèkì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́.

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ Athens tí mi ò lè gbàgbé. Kò fi mọ sórí ọjọ́ tí wọ́n ṣìkà nìkan, ó tún béèrè ọjọ́ tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe é àmọ́ tí wọn ò ṣe é mọ́. Bó bá jẹ́ pé omi tó hó bo ìkòkò ni lóòótọ́, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí. Ó sì wà. Inú ti bí wọn, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ni wọ́n bá yí èrò pa dà. Ẹnì kan wò ó pé apá òun ò ní ká a. Òmíràn rò ó pé ọ̀rẹ́ tàbí ìgbéyàwó òun lè tibẹ̀ bà jẹ́. Ti òmíràn ni pé ẹni tí òun ń bọ̀wọ̀ fún ló ní kí òun fi í sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wá sọ́kàn ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lè dá lọ́wọ́ kọ́, ẹ ò lè sọ fún mi pé ọwọ́ ọ̀hún ti kọjá agbára rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ "inú ló bí i" fi rọrùn láti gbà gbọ́? Lọ́dún 1957, Gresham Sykes àti David Matza, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwíjàre tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rúfin máa ń ní lẹ́nu: pé kì í ṣe ẹjọ́ mi, pé kò pa á lára, pé òun ló fà á. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán. Òun náà ló ń lànà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí àdúgbò bá wá ń tún un wí, wọ́n ti di agbẹjọ́rò fún aṣebi láìgba kọ́bọ̀.

Òfin pàápàá ti ṣe agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ rí. Òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1810 fọwọ́ fúyẹ́ mú ọkọ tó bá ká ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọkùnrin mìíràn nínú ilé wọn, tó sì pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n tó pa á rẹ́.

Ní ti ìpànìyàn láàárín tọkọtaya, Jane Monckton Smith, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó di onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Ìlú Ọba, tú ẹjọ́ 372 wò. Lọ́dún 2019, ó gbé àtẹ̀gùn mẹ́jọ tí ọkùnrin ń gùn dé ibi pípa obìnrin rẹ̀ jáde. Èkíní ni pé ọkùnrin náà ti ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Èkejì, ìfẹ́ tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló máa wá jẹgàba lé obìnrin lórí: ibo lò ń lọ, ta lò ń bá sọ̀rọ̀, mú fóònù rẹ wá. Ìkẹrin ni ohun tó ń mi àkóso yẹn, èyí tó sábà máa ń jẹ́ pé obìnrin fẹ́ lọ tàbí pé ó ti lọ. Ó á wá le sí i: ẹ̀bẹ̀, ìhàlẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ kiri. Ìkẹfà ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ibẹ̀ ni èrò ti máa ń yí, tó máa pinnu pé bí òun ò bá ní in, nǹkan mìíràn ló kàn. Ìkeje ni ètò: wíwá ohun ìjà, wíwá ọ̀nà láti bá a lóun nìkan. Pípa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe ìkẹjọ. Ọ̀pọ̀ kì í dé ibẹ̀. Àwọn kan á kàn lọ bẹ̀rẹ̀ láti èkíní lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ ariwo àti ìbínú nìkan, gbogbo ìyẹn ló máa kọjá lójú rẹ̀. Mú fífún èèyàn lọ́rùn, fún àpẹẹrẹ, tí kì í fi àpá sílẹ̀ nígbà púpọ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008 rí i pé obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ bá ti fún lọ́rùn rí, ewu kí ó pa á lẹ́yìnwá ọ̀la fi ìlọ́po méje ju ti àwọn mìíràn tí wọ́n ń fìyà jẹ lọ. Ní England àti Wales, jíjẹgàba lórí ẹnì kejì ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti ọdún 2015, fífúnni lọ́rùn sì di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ náà kò kéré: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2023, nǹkan bí 51,100 obìnrin àti ọmọbìnrin ni olólùfẹ́ wọn tàbí ẹbí pa kárí ayé.

Mi ò sọ pé irọ́ ni ìbínú. Ó wà níbẹ̀, ọtí náà sì máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè mú kí ọṣẹ́ pọ̀ sí i. Àìsàn ọpọlọ ni àwọn kan tún máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní i kì í ṣèèyàn léṣe rárá. Bákan náà ni ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ nílé. Athens ní fífi ojú rí ìyà kò tó. Ẹnì kan ní láti kọ́ ọmọ náà pé ipá ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀, kí òun náà gbà á, kó dán an wò, kó sì rí i pé àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù òun nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò bá dé gbogbo ibẹ̀ kì í di ewu.

Ó wá ku àwọn tó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò rò pé wọ́n ń purọ́. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe sí wọn, lọ́dọ̀ọdún, kódà lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó ń fi ipá bá lò nílé ló mọ bó ṣe ń ṣe sí òun.