Ṣé lóòótọ́ ni Amẹ́ríkà ní ààrẹ tó lo ọjọ́ kan péré?

Bí ìbúra ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé ní Amẹ́ríkà, ìròyìn kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn: pé David Rice Atchison, lọ́yà láti ìpínlẹ̀ Missouri, jẹ ààrẹ fún ọjọ́ kan lọ́dún 1849. Ohun tí wọ́n sì kọ síbi sàréè rẹ̀ ní Plattsburg nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú.

Ṣé ó jẹ ààrẹ?

Rárá.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Nígbà náà, ọ̀sángangan ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni sáà ààrẹ máa ń parí. Lọ́dún 1849, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, Zachary Taylor, ààrẹ tuntun tí wọ́n dìbò yàn, sì kọ̀ láti búra lọ́jọ́ ìsinmi. Ó di ọjọ́ Ajé. Sáà James Polk, ààrẹ tó ń lọ, ti tán, ti igbákejì rẹ̀ náà ti tán. Atchison ni wọ́n yàn láti máa darí ìjókòó Ilé Aṣòfin Àgbà nígbà tí igbákejì ààrẹ kò bá sí, òfin ìgbà yẹn sì ní ẹni tó bá wà nípò náà ni yóò ṣe adelé bí kò bá sí ààrẹ àti igbákejì. Bí wọ́n ṣe ṣírò ọjọ́ kan fún un nìyẹn.

Níbo ni ìṣirò náà ti kù díẹ̀ káàtó?

Sáà Atchison fúnra rẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àgbà parí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ti Polk, ọjọ́ Ajé lòun náà tó búra fún sáà tuntun. Bí àìbúra bá gba ipò lọ́wọ́ Taylor, ó ti gba ti Atchison náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìwé òfin ní kí ààrẹ búra kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní kí sáà rẹ̀ dúró de ìbúra. Taylor ló ni ọjọ́ Àìkú yẹn.

Kí ni Atchison ní òun ṣe lọ́jọ́ náà?

Ó ní oorun lòun fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sùn.

Ta tiẹ̀ ni?

Wọ́n bí i ní Kentucky lọ́dún 1807, ó sì lọ ṣe lọ́yà ní Liberty, Missouri, lẹ́nu ààlà ìwọ̀-oòrùn ibi tí àwọn aláwọ̀ funfun tẹ̀dó dé. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ ìjọ Mormon kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ó wà lára àwọn lọ́yà tó gbèjà wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ẹrú, ó sì fẹ́ kí ìkóniṣẹrú wọ Kansas, ilẹ̀ tó bá Missouri pààlà. Òfin ọdún 1854 ti ní kí àwọn ará Kansas fúnra wọn pinnu ìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan aṣòfin ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 1855, Atchison wà lára àwọn tó kó ọkùnrin tó dira ogun sọdá láti Missouri, wọ́n sì lọ dìbò nílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Olùdìbò 2,905 ni wọ́n kà ní Kansas ní oṣù kan ṣáájú; ìbò tó jáde jẹ́ 6,307. Àwọn aṣòfin tó ti ibẹ̀ wọlé ṣe òfin láti dáàbò bo ìkóniṣẹrú, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ tó gba ẹ̀mí èèyàn. Ó dùn mí pé ọjọ́ kan tí ọkùnrin yìí fi sùn ni ayé ń rántí, tí ọjọ́ tó fi jí ìbò gbé kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìlú kan ní Kansas ṣì ń jẹ́ Atchison títí dòní.

Ṣé Amẹ́ríkà lè wà láìní ààrẹ lónìí?

Kò sí ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ni sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìwé òfin ló sọ ọ́ ní tààrà. Nígbà tí ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́dún 1985 àti 2013, Reagan àti Obama búra níkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì tún un ṣe ní gbangba lọ́jọ́ Ajé. Ọdún 2041 ni ọjọ́ ìbúra ààrẹ yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú.

Kí ni ká ṣe bí ìròyìn náà bá tún dé?

Ẹ sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé kì í ṣe òótọ́, kí ẹ sì sọ ti ìbò 6,307 fún un.