Àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í kà sí nínú Utena

Apá 39 ló wà nínú ánímè (eré àwòrán Jàpáànù) Revolutionary Girl Utena, tí Kunihiko Ikuhara darí, tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Jàpáànù lọ́dún 1997. Bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ Utena (ọmọbìnrin tó ń ja ìjà idà níléèwé), Anthy (ẹni tí àwọn tó ń jà ń dù) àti Akio (ẹ̀gbọ́n Anthy ọkùnrin) ni wọ́n máa ń sọ. Wakaba? Ọ̀rẹ́ Utena tó ń pani lẹ́rìn-ín. Shiori? Ọ̀dàlẹ̀. Keiko ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni eré náà fi ń hàn wá pé, bí wọ́n bá sọ ẹnì kan di àkàndá, ẹlòmíì ló máa ń san owó rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan nípa wọn, apá 14 sí 23 ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan máa ń fò ó, wọ́n á ní ìtàn Utena kò kúrò lójú kan níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá jà níbẹ̀ ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí ìjà bá ti parí. Lóòótọ́ ni wọ́n ń gbàgbé. Àwa òǹwòran kò gbàgbé ní tiwa, ohun tí a ti mọ̀ la ó sì fi máa wò wọ́n títí dé ìparí. Àwọn méje ló wọ òrùka dúdú, àmì àwọn tó wá bá Utena jà ní àwọn apá yìí, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin: Kanae (apá 14), Kozue (15), Shiori (17), Wakaba (20) àti Keiko (21). Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń jà nítorí Anthy. Ẹ̀yìn ẹlòmíì ni wọ́n fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sí.

Bákan náà ni nǹkan ṣe máa ń lọ nínú àwọn apá yìí. Ọmọbìnrin náà á jókòó sínú lífìtì, á máa tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta, lífìtì á máa sọ̀ kalẹ̀, ohùn Mikage, ẹni tó ń kó wọn lọ jà, á sì máa ní kó tún wọlẹ̀ sí i. Labalábá inú férémù á máa padà sẹ́yìn, títí á fi di kòkòrò tí ń fà. Kozue, Shiori, Wakaba àti Keiko á wá lọ fa idà yọ láti àyà ẹni tí ọkàn wọn so mọ́. Ní pápá ìjà, dẹ́sìkì á tò lọ bẹẹrẹ, ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó wá jà á sì wà lórí wọn.

Nítorí pé ètò náà kì í yí padà, ohun tó bá yàtọ̀ ni ẹ̀rí yín. Ẹ pín ojú ìwé kan sí márùn-ún: ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú lífìtì, ohun tó ń sọ nígbà tí ohùn rẹ̀ yí padà, àyà ẹni tó fa idà yọ, ohun tó wà lórí dẹ́sìkì, àti ohun tó ṣe nígbà tó padà délé. Ẹ wo apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa wo ọwọ́ àti ojú nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú Wakaba. Ní apá 1, lẹ́tà ìfẹ́ tó kọ sí Saionji, ọmọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó kí gbogbo iléèwé lè kà á, kí wọ́n sì fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ìyẹn ló mú Utena pe Saionji níjà. Láti ibẹ̀, ìjà ti di ti Utena. Iṣẹ́ Wakaba kò ju kó máa fò mọ́ ọn lẹ́yìn lọ. Ẹ má ya apá 19 àti 20 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ti lé Saionji níléèwé, Wakaba sì ti fi í pamọ́ sí yàrá rẹ̀. Saionji gbẹ́ klíìpù irun onígi kan fún un, tó rí bí ewé. Ojú Wakaba ń dán láwọn ọjọ́ yẹn, Utena pàápàá rí i. Mikage wá bá Saionji dúnàádúrà: kó fún òun ní klíìpù náà, òun á sì dá a padà síléèwé. Saionji gbà. Ìgbà tí Wakaba máa tún fojú kan klíìpù ọ̀hún, orí Anthy ló wà.

Ọ̀pọ̀ á ní owú ló ń ṣe é. Owú wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra: klíìpù yẹn ló tì í wọnú lífìtì. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kan ṣe nítorí tirẹ̀ nìkan ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí gbogbo wọn ti ń jà dù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìjà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Saionji ti padà sípò, Utena ti borí, Wakaba nìkan ló pàdánù.

Shiori le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú Juri, ọmọ ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó. Ìrántí Juri ni ohun tí a rí nípa rẹ̀ ní apá 7. Ní apá 17 ni Shiori tó rí i pé fọ́tò òun ni Juri ń gbé kọ́rùn; ẹni tó ti rò tipẹ́ pé àánú lásán ni Juri ń ṣe òun ni o. Bí ẹ bá ń wo apá 7, 17, 28 àti 29, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń rántí sí ẹ̀gbẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ̀sùn Juri ni ẹ ó máa tún kà.

Keiko kò gbàyè púpọ̀. Òun àti Touga, olórí ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, jọ wà lábẹ́ agbòjò kan, Nanami, àbúrò Touga, sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó di apá 21, ó ṣòro láti dá a mọ̀ yàtọ̀ sí Aiko àti Yuuko, àwọn méjì yòókù tó ń tẹ̀ lé Nanami, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin òjìji, àwọn tí a ń rí òjìji wọn nìkan lára ògiri. Eré kékeré wọn kì í ṣe àlọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ já. Ẹ kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí apá náà dá lé, ẹ ó rí i pé òun ni wọ́n ń bú tàbí tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn.

Ibi tí iṣẹ́ rere ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n ń po eré tẹlifíṣọ̀n mọ́ fíìmù ọdún 1999. Nínú fíìmù yẹn, Shiori di ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ onítáyà. Ó dùn ún wò, àmọ́ kò lè jẹ́ ẹ̀rí lórí Shiori ti apá 17, torí ọ̀nà mìíràn ni ìtàn ibẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé alàwòrán tí Chiho Saito yà. Ẹ ní ìwé àkíyèsí ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà apá sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bá yín jiyàn lè mọ ibi tó máa lọ wò.