Ọjà Tí Kò Ní Iye Lórí

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ lọ́nà Òkè-Fìà l'Óṣogbo na fóònù rẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Àbúrò, bá mi wò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé àwòrán sórí Status WhatsApp mi. Wọ́n á wò ó, wọn ò ní rà á."

Àwòrán mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́wàá ò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́. Abẹ́ ìkọkànlá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ẹ pè mí fún iye rẹ̀."

Iṣẹ́ ìpolówó orí fóònù ni mo fi ń jẹun, àìkọ iye yìí sì ni mò ń bá jà jù. Lọ́jà, ẹni tó béèrè "èló ni?" ti dúró níwájú yín, bó bá ń lọ, ẹ lè pè é padà. Lórí fóònù, àtàǹpàkò ló fi ń rìn. Ẹ̀rù tún ń bà á pé ẹ máa wo mọ́tò tó wà nínú fọ́tò tí òun fi sójú WhatsApp òun kí ẹ tó dá owó lé ọjà.

Ìyá ní bí òun bá kọ ọ́, àwọn tí àwọn jọ ń tà á á dínwó tiwọn. Mo ní, "Mà, ṣé wọn ò mọ iye tí ẹ ń tà á tẹ́lẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

A tún ọ̀kan kọ: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bátànì Ìbàdàn dùn. Ọ̀pá 5, ₦15,000. Ó máa yọ aró díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Òṣogbo la wà, a ń fi ránṣẹ́." Ẹ wo ọ̀rọ̀ aró yẹn dáadáa. Òun ló ń jẹ́ kí àjèjì fọkàn tán yín, torí ẹ ti sọ fún un kó tó bá a nínú báàfù.

Ní ti fọ́tò, mo ti jìyà rẹ̀ rí. Alẹ́ ni mo ya aṣọ kan lábẹ́ gílóòbù, aró rẹ̀ sì dúdú bí èédú nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ aṣọ fúnra rẹ̀ ò dúdú tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà Ìbàdàn tó rà á ní dúdú lòun rí, dúdú lòun fẹ́. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Òwúrọ̀ ni mo wá ń yà á báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọwọ́ èèyàn wà lára aṣọ kí wọ́n lè mọ bí bátànì ṣe tóbi tó.

Status kì í ju wákàtí 24 lọ. Ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ ò ní rí i. Broadcast WhatsApp, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn tó tó 256 lẹ́ẹ̀kan, ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà. Kí ẹ tó di náílọ̀nù fún oníbàárà, ẹ ní kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín.

Búlọ́ọ̀gì, ìyẹn ojú ìwé tiyín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ti pípẹ́. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ lónìí, Google lè fi í han ẹni tó ń wá a lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù kẹjọ ni Ọdún Ọ̀ṣun. Láti 2005 ni igbó Ọ̀ṣun ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO, àlejò tó ń bọ̀ wá wò ó á sì ti máa béèrè lọ́wọ́ Google kó tó wọkọ̀: níbo la ti ń ra àdìrẹ l'Óṣogbo? Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà àti oníko tí wọ́n fi ìko dì? Ìbéèrè kan, ojú ìwé kan. Oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti kọ ọ́, torí Google kì í tètè rí ojú ìwé tuntun. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ Ìwọ́pópó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún náà, àlejò á ti rajà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lánàá ni ìyá pè mí, inú ń bí wọn. Obìnrin kan kọ̀wé sí wọn pé ṣé ₦12,000 ò ní gbà á. Láti Abẹ́òkúta, níbi tí àdìrẹ kún inú ìlú!

Mo ní, "Mà, wọ́n ti ń ná an nìyẹn."