Ìyà ìgbà èwe àti dissociative identity disorder nínú fíìmù

Dissociative identity disorder, tí wọ́n ń gé kúrú sí DID, jẹ́ àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ẹnìkan ṣoṣo máa hùwà bí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn lè yí, ìwà lè yí, ohun tí ọ̀kan ṣe sì lè má sí ní ìrántí èkejì rárá. Multiple personality disorder ni wọ́n ń pè é títí di 1994. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìyà àjẹpẹ́ ní kékeré ló sábà ń fà á, pàápàá ìlùkulù àti ìfipábánilòpọ̀ láti ọwọ́ alágbàtọ́. Ọmọ tí kò rí ibi sá sí nínú ilé á máa fi ọkàn sá.

Nínú The Three Faces of Eve (1957), tí Joanne Woodward fi gba Oscar, ìyá ọmọ kékeré kan fipá mú un fẹnu ko ojú òkú ìyá rẹ̀ àgbà. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ní gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè ya ará Èkìtì lẹ́nu, nítorí òkú àgbà níbẹ̀ jẹ́ òkú ìnáwó, ijó àti ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ipá tí wọ́n fi mú ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe òkú. Nígbà tí ọmọ náà di obìnrin, tó sì rántí, ara rẹ̀ yá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Chris Costner Sizemore, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, sọ fún aráyé ní àwọn ọdún 1970 pé àìsàn náà kò lọ nígbà yẹn, àti pé àwọn ẹni inú òun lé ní 20.

Sybil (1976), tí Sally Field ṣe, fi ìyá tó ń dá ọmọ lóró hàn gbangba. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ìtàn náà, torí àwọn kan ní oníṣègùn obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ló ki àwọn ẹni inú rẹ̀ sí i lórí.

Psycho (1960) àti Split (2016) sọ aláìsàn di apànìyàn. Èyí ló burú jù nínú gbogbo àwòrán wọ̀nyí: ara rẹ̀ ni ẹni tó ní DID sábà ń ṣe léṣe. Ìwé DSM-5 ti àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà (2013) sọ pé ó lé ní 70 nínú 100 àwọn tó ń wá gba ìtọ́jú láti ilé tó ti gbìyànjú láti pa ara wọn.

Ní Èkìtì, bí ẹnìkan bá ń fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òrìṣà gùn ún, tàbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà, pé ẹ̀mí gbé e. DSM-5 kò ka irú èyí sí àìsàn bó bá bá àṣà tàbí ẹ̀sìn ìlú mu. Àìsàn ni bó bá ń ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, tí kò ṣeé dá dúró, tó sì ń ba ayé ẹni náà jẹ́.

Kò sí oògùn kan pàtó fún DID. Ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oníṣègùn ọpọlọ ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Fíìmù kì í sábà fi bí apá yìí ṣe ń pẹ́ tó hàn; kò dùn-ún wò.